Ìyá Wáyà Kò Jíṣẹ́ Tán

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ìjà ti le jù láyé, ẹ má wulẹ̀ lọ sí kóòtù. Ẹ gun òkè lọ sí àjà tó ga jù ní ilé ìwòsàn kan báyìí, níbi tí gbogbo nǹkan ti dákẹ́ rọ́rọ́, tí ilẹ̀ ń dán, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì pín ẹ̀ka méjì níyà. Lápá òsì ni àwọn tó ń pa jẹjẹrẹ wà. Lápá ọ̀tún ni àwọn tó ń jí ẹ̀ṣọ́ ara dìde wà, kí ara lè fọwọ́ ara rẹ̀ bá jẹjẹrẹ jà. Ọkùnrin ni olórí ẹ̀ka òsì. Dókítà Apakókó làwọn nọ́ọ̀sì ń pè é lẹ́yìn. Obìnrin ni olórí ẹ̀ka ọ̀tún. Dókítà Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń pe òun. Tọkọtaya ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, bí ọ̀kan bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán lọ́dẹ̀dẹ̀, èkejì á rántí lójijì pé òun gbàgbé nǹkan sí ọ́fíìsì, á sì yí padà. Àwọn méjèèjì ń gbàgbé nǹkan débi pé àjèjì lè rò pé ọpọlọ wọn ò pé.

Ẹni tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ìkankan nínú wọn. Ìyá ọkùnrin náà ni. Ìyá Wáyà ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí, torí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, láyé ìgbà tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ni ìpè máa ń gbà kọjá. Iwájú pátákó oníhò ló ń jókòó sí, pẹ̀lú ohun ìgbọ́rọ̀ létí, tó ń fa wáyà ẹnì kan yọ, tó ń kì í bọ ihò ẹlòmíì. "Ẹ dúró, mò ń so yín pọ̀." Gbólóhùn yẹn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ó máa ń sọ ọ́ lójú oorun. Òfin iṣẹ́ náà ni pé bí ohùn méjì bá ti pàdé, kí ẹni tó so wọ́n pọ̀ yọ etí tiẹ̀ kúrò. Ìyá Wáyà mọ òfin náà dáadáa, kò sì pa á mọ́ lọ́jọ́ kan rí.

Bí ìlà ò bá dára, tí àwọn méjì ò gbọ́ ara wọn, òun ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kó bá àwọn tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọgbọ́n tiẹ̀. Bí ọkọ kan bá ní, "Sọ fún olórí kunkun yẹn pé mi ò wálé lónìí," Ìyá Wáyà á ní, "Wọ́n ní ẹ má bínú, iṣẹ́ ló dá àwọn dúró." Bí ìyàwó bá fèsì pé kó kúkú máa gbé ibẹ̀, Ìyá Wáyà á ní, "Wọ́n ní kẹ́ ẹ tọ́jú ara yín." Kò ka èyí sí irọ́. Lójú tiẹ̀, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó yẹ kó débẹ̀ ló ń jẹ́ kó débẹ̀, ó sì dá a lójú pé ọ̀pọ̀ ilé ló ṣì dúró lórí ẹnu òun títí dòní.

Ilé ọmọ tiẹ̀ nìkan ni kò rí gbà là, nítorí pé kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ò bú ara wọn, wọn ò lu tábìlì, wọn ò pe ẹbí. Wọ́n kàn ń dákẹ́ sí i ni, títí ilé náà fi kú mọ́ wọn lọ́wọ́ láìsí ẹni tó gbọ́. Ìgbà tí ìyàwó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ tán ni Ìyá Wáyà tó mọ̀. Ó dùn ún wọ eegun, kò sì tíì yé dùn ún.

Ó ń de bọ́tìnnì ọrùn aṣọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọwọ́ rẹ̀ bá kan kókó kan lábẹ́ àgbọ̀n. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, jẹjẹrẹ ni. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ó ti sún mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ jù, àwọn ò lè fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ̀ka òsì fa oògùn sí i lára, kókó náà súnkì, gbogbo ilé dúpẹ́. Kò pẹ́ tó fi padà wá, kò sì dá wá, ó mú èkejì rẹ̀ dání. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wá di kí ẹ̀ka òsì àti ẹ̀ka ọ̀tún pawọ́ pọ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ní kí iná àti omi jọ sùn sínú ìkòkò kan.

Òfin ò gbà kí dókítà tọ́jú ìyá tó bí i lọ́mọ, nítorí náà wọ́n fi orúkọ dókítà kẹta sára fáìlì rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, tó ń bẹ̀rù àwọn méjèèjì bákan náà. Iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju kó buwọ́ lùwé, kó sì wá tíì lọ.

Dókítà Ẹ̀ṣọ́ ló là á yé Ìyá Wáyà. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó ilé.

"Màmá, oògùn àkọ́kọ́ yẹn pa á o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Jẹ́jẹ́ ló kàn pa á. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kú jẹ́jẹ́ nínú ara, àwọn tó yí i ká á palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó tán nìyẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ò ní mọ̀ pé ọ̀daràn kan gbé ibẹ̀ rí. Ìwọ̀nba tó bá wá ṣẹ́kù, á tún máa bí sí i."

"Kí la wá fẹ́ ṣe sí i?"

"A fẹ́ kó kú pẹ̀lú ariwo. Abẹ́rẹ́ kan wà, inú kókó yẹn gan-an ni wọ́n máa gún un sí. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá ṣe ń kú, wọ́n á máa tú oríṣiríṣi nǹkan jáde, bí ẹni ń ké gbàjarè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á sáré débẹ̀, wọ́n á rí ojú ọ̀daràn náà, wọ́n á sì máa wá irú rẹ̀ kiri gbogbo ara. Ṣé ẹ rí i, jẹjẹrẹ gbọ́n. Ó ti kó ìjánu sí wọn lẹ́nu. Omi témi máa fà sí yín lára, iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti já ìjánu yẹn kúrò. Ọ̀kan ò lè dá a ṣe. Bí ariwo bá wà tí ìjánu wà lẹ́nu wọn, asán ni. Bí ìjánu bá já tí wọn ò gbọ́ ariwo, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n ń lọ."

"Ta ló máa gún abẹ́rẹ́ aláriwo yẹn?"

Obìnrin náà wo ojú fèrèsé. "Àwọn tó wà lódìkejì ni, Màmá."

Ẹ̀rù jẹjẹrẹ ń ba Ìyá Wáyà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Kò fẹ́ kú, ó sì ti sunkún nítorí rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó síbẹ̀ yìí, inú rẹ̀ dùn bí inú ọmọdé. Ohun tí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti adájọ́ ò lè ṣe ni kókó ọrùn yìí fẹ́ ṣe fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlà méjì tó ti já láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n tún fẹ́ gbé kọjá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí wọ́n bá ti gún un," ni ìyàwó rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, torí Ìyá Wáyà ò gbà fún ilé ẹjọ́ pé obìnrin yìí kì í ṣe ìyàwó òun mọ́, "kókó yẹn á kọ́kọ́ wú. Á gbóná, ibà á sì ṣe yín. Ẹ má bẹ̀rù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń péjọ."

Ni iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka òsì á gún abẹ́rẹ́ tiwọn, Ìyá Wáyà á fi sálúbàtà wọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ẹ̀ka ọ̀tún á fa omi tiwọn sí i lára. Àwọn olórí ẹ̀ka méjèèjì ò sì rí ìdí tí àwọn fi máa gbé fóònù nígbà tí aláìsàn kúkú ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kejì.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn lọ́hùn-ún pé abẹ́rẹ́ mi ti wọlé," ni ọmọ rẹ̀ wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Kí wọ́n fa tiwọn lásìkò o. Kí wọ́n má ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, tí wọ́n á máa ronú títí ọkọ̀ á fi lọ."

Ìyá Wáyà kọjá sí ọ̀tún. "Ó kí ọ. Ó ní abẹ́rẹ́ ti wọlé, pé ìwọ lo mọ àsìkò tó dáa jù."

"Òun ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀dọ̀ rẹ̀ kúkú ni mo ti ń bọ̀ yìí."

"Ẹ sọ fún un pé mo ti mọ àsìkò kí n tó mọ òun."

Ìyá Wáyà padà sí òsì. "Ó ní o ṣeun. Ó ní o kú iṣẹ́."

Ọmọ rẹ̀ gbé ojú kúrò nínú ìwé. "Ó ní mo kú iṣẹ́?" Àwọn nọ́ọ̀sì òsì ní títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, ọ̀gá àwọn ń súfèé.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Èébú á kúrò ní òsì, á dé ọ̀tún ní ìkíni. Ẹ̀gàn á kúrò ní ọ̀tún, á dé òsì ní àdúrà. Kò pẹ́, Dókítà Apakókó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun rẹ̀ dáadáa. Dókítà Ẹ̀ṣọ́ náà, nígbà tí wọ́n jọ yọ lọ́dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò rántí nǹkan kan tó gbàgbé. Ó rìn kọjá, ó sì mi orí díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó rí i fẹ́rẹ̀ẹ́ ju àwo abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Kókó kékeré, èyí tó tẹ̀ lé ńlá wá, náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ìyá Wáyà wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní iṣẹ́ tí wọ́n ní ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ òun, kí ẹ̀rọ ó wá ṣe irú èyí kóun rí i.

Abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé e ló wá gbóná. Ọrùn rẹ̀ wú, kò ṣeé yí. Ibà mú un, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ọmọ rẹ̀ wá wò ó nílé lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, ó bá a lórí àga pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́rùn.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò pè mí?"

"Ìyàwó mi ti sọ fún mi pé bó ṣe máa ṣe nìyẹn."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó wo ọrùn náà. Kò mọ iye ọrùn tó ti wò láyé rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ò ṣẹ́. Ti èyí ò ṣeé wò fún un. Ó dìde, ó lọ sídìí fèrèsé, ó padà wá, ó sì fa páálí oògùn kékeré kan yọ nínú àpò. Oògùn oníhóró funfun ni, èyí tí wọ́n máa ń fún gbogbo èèyàn lẹ́ka òsì bí wíwú bá pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ ìyá ẹlòmíì ni, kò ní fún un láìkọ́kọ́ bi ẹ̀ka ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ọmọ ló fún un lóògùn lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe dókítà, ọmọ kì í sì í kọ nǹkan sínú fáìlì.

"Ẹ sọ fún un pé mo fún yín ní oògùn tó ń mú wíwú wálẹ̀," ló wí. "Díẹ̀ ni. Bó bá rí i pé ó máa di òun lọ́wọ́, kó pè mí, kí n mọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìgbéraga rẹ̀ ò ní jẹ́ kó pè, ìyẹn kù sí i lọ́wọ́."

Ẹ ò lè mọ bí oògùn yẹn ṣe dùn mọ́ Ìyá Wáyà tó. Wíwú wálẹ̀, ibà lọ, ó jẹun, ó sùn bí ẹni tí kò jẹ ayé ní nǹkan kan. Nígbà tó máa fi padà dé ẹ̀ka ọ̀tún, ó ti ń yí ọrùn bó ṣe wù ú, páálí oògùn náà wà nínú báàgì rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wá bó ṣe máa gé ìgbéraga kúrò níbẹ̀. Kó tó la ẹnu ni ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú.

"Màmá, ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó má fún yín ní oògùn tó ń mú wíwú wálẹ̀ o, bó ti wù kó kéré mọ. Oògùn yẹn máa kun àwọn ẹ̀ṣọ́ mi lóorun, gbogbo iṣẹ́ wa á sì já sí pàbó. Mo mọ̀ ọ́n. Kì í lè fara da ariwo. Bí nǹkan bá ń dun èèyàn nínú ilé rẹ̀, kónítọ̀hún dákẹ́ ló máa ń fẹ́, kì í ṣe kó sàn."

Ìyá Wáyà di báàgì rẹ̀ mú.

Ó yé e. Mi ò ní bá a purọ́ pé kò yé e. Ṣùgbọ́n ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bó bá sọ pé òun ti ń lo oògùn náà, súfèé á dópin lápá òsì, àwọn méjèèjì á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan sí ọ́fíìsì. Bó bá jíṣẹ́ yìí fún ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú ìdí tó wà nínú rẹ̀, ọkàn ọmọ náà á gbọgbẹ́. Oògùn náà sì ń ṣiṣẹ́, ṣebí ọrùn òun nìyí. Ó wá dá a lójú pé owú iṣẹ́ lásán ni. Níbo ni dókítà kan ti ń yin oògùn dókítà kejì?

"Màá sọ fún un," ló wí.

Ó kọjá sí òsì. "Ó kí ọ," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ó ní inú òun dùn sí bó o ṣe ń tọ́jú mi."

Ọkùnrin náà gbé bírò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kò sọ nǹkan kan nípa oògùn yẹn?"

"Kò sọ nǹkan kan."

"Ó dáa," ló wí, ó sì fún un ní páálí mìíràn.

Kò sí wíwú mọ́, kò sí ibà, kò sí ariwo kankan nínú ọrùn Ìyá Wáyà. Ó ń ṣeré, ó ń ṣẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ń sọ pé oògùn ti ń bá ara rẹ̀ mu. Wọ́n wá gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara. Dókítà kẹta so àwòrán náà mọ́ àpótí oníná, ó wò ó, ó sì gbàgbé tíì rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n jókòó sí, Ìyá Wáyà láàárín, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Kókó ńlá ò dín. Kókó kékeré tó ti ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti lé sí i. Dókítà Ẹ̀ṣọ́ wo àwòrán náà títí.

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò dìde," ló wí. "Wọ́n wá nígbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọn ò wá mọ́. Ó jọ pé ara Màmá ò gba oògùn mi. Mi ò rò pé ó yẹ ká máa fìyà jẹ wọ́n sí i. Kí ni Dókítà rí sí i?"

"Bí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, Dókítà," ni ọmọ rẹ̀ dáhùn. "Iṣẹ́ yín ni. Ẹ mọ̀ ọ́n ju èmi lọ."

"Ẹ ṣeun. Tẹ̀yin náà dára. Ẹ ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ lè ṣe."

Ìyá Wáyà yí ojú sí èyí, ó yí ojú sí tọ̀hún. Ọmọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Omi ti wà lójú ìyàwó rẹ̀. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì ní ìbéèrè kan. Oyin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò fún wọn ni wọ́n ń lá fún ara wọn báyìí. Nítorí gbogbo ìkíni yẹn, ojú ń ti èyí láti sọ pé, "Kí lo ṣe?" ojú sì ń ti tọ̀hún láti sọ pé, "Ìwọ ńkọ́?" Wọ́n fẹ́ fi ọ̀wọ̀ sin ín. Báyìí gẹ́lẹ́ ni ilé wọn ṣe kú, ẹ̀mí òun ló wá kàn. Ẹ̀rù bà á gan-an, irú ẹ̀rù tí kókó náà fúnra rẹ̀ ò dá bà á rí.

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fa páálí oògùn náà yọ, ó gbé e sórí tábìlì níwájú àpótí oníná. Ó gbé ọwọ́ sí etí bí ẹni ń tún ohun ìgbọ́rọ̀ ṣe.

"Ẹ dúró," ló wí. "Mò ń so yín pọ̀."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jíṣẹ́. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti rán an láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló jẹ́, bó ṣe gbà á ló ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀gún rẹ̀, láìgbé ohùn sókè, láìfi ìkíni kankan sí i, tó ń kọjú sí ẹni tí wọ́n rán ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí. "Ó ní kó o má ronú títí ọkọ̀ á fi lọ, bó o ṣe máa ń ṣe. Ó ní òun ti mọ àsìkò kóun tó mọ̀ ọ́. Ó ní ìwọ lo máa ń rò pé ayé ò lè yí láìsí ìwọ. Ó ní ṣé o ti kọ́ béèyàn ṣe ń gbọ́rọ̀ tán kó tó dìde nílẹ̀. Ó fún mi ní oògùn yìí kó lè mú wíwú wálẹ̀, ó ní bó bá máa dí ọ lọ́wọ́, kó o pè é, pé àmọ́ ìgbéraga rẹ ò ní jẹ́ kó o pè. Ó ní kó o má fún mi nírú rẹ̀, pé á kun àwọn ẹ̀ṣọ́ lóorun. Ó ní o ò lè fara da ariwo. Ó ní bí nǹkan bá ń dun èèyàn nínú ilé rẹ, kónítọ̀hún dákẹ́ lo máa ń fẹ́, kì í ṣe kó sàn." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò jíṣẹ́ yẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ padà sọ́dọ̀ ara yín. Ẹ dárí jì mí. Mi ò fẹ́ kú."

Dókítà Ẹ̀ṣọ́ mú páálí náà, ó ka ara rẹ̀.

"O fún un ní kí ni?"

Ìyá Wáyà gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú ká, "ẹ" àti "Dókítà" ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti gbọ́ "o" yẹn gbẹ̀yìn.

"Mo ránṣẹ́ sí ọ!" ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Ìwọ ò ní fóònù? Ìgbésẹ̀ mélòó ló wà láàárín ọ́fíìsì wa? Ìyá rẹ ni, ìwọ wá lọ ń fún un ní nǹkan tó máa pa á, torí pé o ò lè rí i kó máa jẹ̀rora!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò lè rí i! Ta ló lè rí i? Ìwọ lo máa ń dákẹ́ tó o bá bínú, títí mi ò fi ní mọ ohun tí mo ṣe!"

"Èmi? Ta ló ń jáde kúrò níbi oúnjẹ?"

Àh, ẹ ò bá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúrò lórí oògùn, ó dé orí oúnjẹ, ó dé orí kọ́kọ́rọ́ kan tí ẹnì kan ò fi sílẹ̀, ó dé orí ọjọ́ òjò kan tí ọ̀kan dúró tí èkejì ò wá. Wọ́n lu tábìlì. Tíì dókítà kẹta dànù. Àwọn nọ́ọ̀sì òsì àti tọ̀tún tú jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n dúró pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n na etí. Gbogbo ohun tó yẹ kó pariwo nígbà tí ilé yẹn ń kú lọ́wọ́, ọjọ́ náà ló pariwo. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni Ìyá Wáyà jókòó sí, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Nígbà tí ohùn há wọn tán, wọ́n fa àga sún mọ́ àwòrán náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n dín oògùn funfun náà kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán lára rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tún abẹ́rẹ́ gún, kí wọ́n tún omi fà, kí ọ̀kan máa pe ìkejì ní tààrà. Dókítà kẹta buwọ́ lù ú láìjókòó.

Wíwú padà dé, ibà padà dé, Ìyá Wáyà sì gbà wọ́n bí àlejò tó pẹ́ kó tó dé. Ó jẹ̀rora gidi. Ọmọ rẹ̀ á jókòó tì í, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á gbé ọwọ́ kejì pa mọ́ sábẹ́ itan kó má bàa lọ sínú àpò. Nígbà tí wọ́n tún gbé ìyá náà sínú ẹ̀rọ, kókó kékeré ò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀, kókó ńlá ti di àpá gbígbẹ kan tí ọwọ́ ò lè rí dì mú. Dókítà Ẹ̀ṣọ́ ní òun ò lè ṣèlérí, pé àwọn á máa ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ti mọ ojú ọ̀tá wọn báyìí. Lẹ́yìn náà ló gbórí lé èjìká Ìyá Wáyà, ó sunkún.

Ó yẹ kí ìtàn náà parí síbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú, ìdùnnú sì ni lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún Ìyá Wáyà ni pé ara tó bá yá kì í lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ló wà. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, kì í dún. Kò sẹ́ni tó ń rán an níṣẹ́ mọ́. Àwọn méjèèjì ń pe ara wọn láàárọ̀, wọ́n ń pe ara wọn lọ́sàn-án, wọ́n sì ń jà lórí fóònù débi pé àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ láti sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ìyá Wáyà pe ọmọ rẹ̀, wọ́n ní ìlà rẹ̀ ò ráyè. Ó pe ìyàwó rẹ̀, wọ́n ní ìlà tiẹ̀ náà ò ráyè. Kò ṣòro fún un láti mọ ìdí.

Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n. Ìka rẹ̀ ń wá nǹkan kiri níbẹ̀. Nígbà tó rí i pé kókó lòun ń wá, tí inú òun sì fẹ́ bà jẹ́ pé òun ò rí i, ó gbá ara rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni gbá ọmọ. "Ìwọ yìí," ló wí, "orí rẹ ò pé."

Ìgbà náà ni fóònù dún. Ó gbé e kíá.

"Màmá, àwa méjèèjì la wà lórí ìlà o," ni ọmọ rẹ̀ wí. "A fẹ́ bi yín nípa àyẹ̀wò yín tó ń bọ̀. Èmi ni màá wá gbé yín."

"Èmi ni mo sọ pé màá gbé wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "O tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni mo bẹ̀rẹ̀? Mọ́tò rẹ tó ń kọṣẹ́ lójú ọ̀nà?"

"Ta ló ba mọ́tò yẹn jẹ́?"

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni Ìyá Wáyà wí. Wọn ò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí àyẹ̀wò, ó ti dé orí mọ́tò, ó ń lọ sórí ìrìn àjò kan tí mọ́tò náà gbé wọn lọ nígbà kan rí. Ibẹ̀ ni ohùn ọmọ rẹ̀ ti rọlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré, ti ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Láyé àtijọ́, ibi tó máa ń dùn mọ́ ọn jù nìyẹn. Ó na etí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ fóònù kúrò létí, ó tẹ̀ ẹ́ pa jẹ́jẹ́ kó má dún sí wọn létí, ó sì gbé e padà sórí tábìlì.